Òjìji Yín Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Gbogbo Ènìyàn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kò sí ipò tí ènìyàn lè wà tí a kò ní ìkíni fún. Ẹni tó jókòó, ẹni tó ń gẹrun, ẹni tó ń kọ́lé, ẹni tí òjò pa dé, gbogbo wọn ló ní tiwọn. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń wá èyí tí ó yẹ kí n fi kí yín, n kò sì rí i. Tí mo bá ní ẹ kú ilé, ẹ kò sí nílé. Tí mo bá ní ẹ kú àjò, ẹni tó lọ sí àjò ń padà bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ lásán, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Pálọ̀ wa ní Ìlobù ni mo ti ń kọ̀wé yìí, lórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí tí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn. Ilé dákẹ́. Màámi ti parí opó, wọ́n sì ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ìfọ́n, ní agboolé tí wọ́n bí wọn sí. Wọn kò bá mi jà kí wọ́n tó lọ, wọn kò sì sọ pé ilé yìí sú àwọn. Wọ́n kàn ní àwọn kò lè máa gbọ́ kí ilẹ̀kùn máa dún, kí ó má sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣí i. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè láti Àbújá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun, èmi náà a béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà àwa méjèèjì a dákẹ́ títí ọ̀kan nínú wa á fi sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ìsọ̀ yín wà ní títì. Àgádágodo àti ìṣó wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe tò wọ́n, kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣì máa ń dúró níwájú rẹ̀, tí wọ́n bá wò ó títí, wọ́n á wá yọjú sínú ọgbà: "Ẹ ń lẹ́ ńlé o. Ṣé Bàbá Gáná ò tíì ṣí ìsọ̀ lónìí ni?" Mo ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ fún wọn tí ojú kò fi ní tì wọ́n. Mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn ní omi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìsọ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Wọ́n ní kí n ṣe ohun kan níbi iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Iṣẹ́ kékeré ni, kò gba àsìkò, mo sì ti ń sá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ òjìji yín kúrò. Kò sí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ tó mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Màámi mọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì ní ìgboyà láti sọ fún wọn. Ó wá ku ẹ̀yin nìkan tí mo lè bá sọ ọ́.

Ṣé ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí mo kó kọ̀ǹpútà mi dé láti Òṣogbo tí mo ní ilé ni n ó ti máa ṣiṣẹ́, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan wò mí. Lẹ́yìn náà ni ẹ bi Màámi, ẹ kò bi mí: "Iṣẹ́ wo ni èèyàn ń ṣe tí kì í dìde?" Àwọn ọ̀rẹ́ yín ní mọ́sáláṣí bá tún béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ ní ọmọ yín ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú, ó sì tún dùn mí díẹ̀. Mo bá jókòó tì yín ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ní ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Mo ní ojú ewé tí àwọn ènìyàn ń rí lórí fóònù wọn, ẹ̀yà-ẹ̀yà la fi ń kó o jọ. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan. Àpótí tí wọ́n ń kọ orúkọ sí jẹ́ ẹ̀yà kan. Tí mo bá ń ṣe bọ́tìnnì tuntun fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀, mo máa wá gbogbo ojú ewé kiri, n ó sì gbàgbé ọ̀kan níbì kan, dandan ni. Nítorí náà la ṣe ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó fún un lórúkọ, ojú ewé tó bá sì nílò rẹ̀ á pè é. Tí a bá tún un ṣe níbi kan, a ti tún un ṣe níbi gbogbo.

Ẹ tẹ́tí sí mi bí ẹ ṣe máa ń tẹ́tí sí oníbàárà tí kò mọ irú àgádágodo tó fẹ́ rà. Mo rí i pé kò yé yín. Ibẹ̀ ni ojú mi ti lọ sí ilẹ̀kùn yàrá yín.

Ilẹ̀kùn Gáná. Ìtàn rẹ̀ kò tán lẹ́nu yín rí. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àlejò máa lọ ní Gáná, ọmọdé ni yín. Gbogbo ènìyàn ń kó ohun tí apá wọn ká. Bàbá àgbà fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, wọ́n tú ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn ní Kùmásì kúrò lára ògiri, wọ́n sì dè é mọ́ orí lọ́rì. Gbogbo lọ́rì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé ọkùnrin kan ń gbé ilẹ̀kùn lọ tí kò nílé. Nígbà tí wọ́n dé Ìlobù tí wọ́n fẹ́ kọ́lé, ilẹ̀kùn náà ni wọ́n fi wọn gbogbo ẹnu ọ̀nà inú ilé, láti pálọ̀ títí dé ibi ìdáná. Títí di òní, tí ikán bá jẹ ilẹ̀kùn kan, káfíńtà kì í wọn ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn Gáná ló ń wọ̀n.

Mo ní, "Bíi ilẹ̀kùn Gáná ni, Bàbá. Ọ̀kan ni wọ́n fi wọn gbogbo wọn."

Ẹ ronú. Ẹ fi ọwọ́ ti fìlà yín sí òsì, bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì. Ẹ ní, "Ìyá mi, tí ẹ bá wá gbé e lọ sí yàrá kejì, kí lẹ fi ń ti ti àkọ́kọ́?"

Ẹ̀rín pa mí títí mo fi dì mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ máa ń gbé ilẹ̀kùn náà kiri lóòótọ́ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó rí owó ra pákó tó kù. Ibi tí àlejò bá sùn ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo ní rárá, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ilẹ̀kùn pọ̀. Tí ẹ bá sì tún ìwọ̀n ṣe, gbogbo ilẹ̀kùn á tún ara wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

"Láìsí káfíńtà?"

"Láìsí káfíńtà, sà."

"Hàà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń bà mí lẹ́rù o."

A rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé àwàdà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ òjìji wáyé. Áàpù tí à ń kọ nígbà náà, òun náà ni mo ṣì wà lórí rẹ̀, ti àwọn oníṣòwò agbègbè wa ni, láti Òṣogbo dé Ẹ̀rìn, Ìlobù àti Ìfọ́n. Oníṣòwò á kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń tà síbẹ̀ kí oníbàárà lè pè é. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan, èmi ni mo ṣe káàdì náà: fọ́tò lápá kan, orúkọ lápá kejì, ọjà nísàlẹ̀. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni, òun ni gbogbo wọn ń lò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò fi fọ́tò síbẹ̀, nǹkan kan sì gbọ́dọ̀ dí àlàfo náà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi dí i káàkiri ayé ni orí àti èjìká aláwọ̀ eérú, tí kò ní ojú, tí kò ní fìlà. Ìyá kan tó ń ta ìkòkò irin ní Òṣogbo wá bá wa ní ọ́fíìsì, ó na fóònù sí wa. "Orí òkú ta lẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi yìí?" Ọ̀gá wa ní kí n lọ wá èyí tó jọ ènìyàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ti kírun Àsárì, ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ti rẹlẹ̀, ó gbé òjìji yín sára ògiri funfun lẹ́yìn yín: fìlà tó tẹ̀ sí òsì, imú, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ hàn ketekete. Mo ya ògiri náà, n kò ya yín. Mo fi kọ̀ǹpútà tọ etí òjìji náà yí ká, mo sì gbé e wá fún yín wò.

"Èmi nìyẹn? Imú mi ò gùn tó báyìí."

"Oòrùn ló fà á gùn, Bàbá."

"Gé e díẹ̀."

Mo gé e. Mo ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni tí kò bá ní fọ́tò, òjìji yín ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ ní, àwọn obìnrin ńkọ́? Mo ní àti àwọn náà. Ẹ ní, "Ó ti parí. Mo di ọkọ gbogbo ọjà." Màámi sì dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń yan ẹ̀gúsí: "Kí wọ́n má wulẹ̀ retí owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọkọ yẹn o!"

Bí a ṣe gbé e síta nìyẹn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ pé bàbá mi ni. Mo rò pé ó máa jẹ́ ẹ̀fẹ̀ inú ilé wa.

Bàbá, lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo kó gbogbo fọ́tò yín jáde. Ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi jáde ní yunifásítì. Nínú gbogbo wọn, ẹ ti tún fìlà yín ṣe. Ó dúró ṣánṣán lórí yín bíi ti ẹlòmíràn, nítorí pé gbàrà tí ẹ bá ti rí kámẹ́rà ni ẹ máa ń tún un ṣe. Kò sí ọ̀kan tí fìlà ti tẹ̀ sí òsì. Ibi kan ṣoṣo tí ẹ ti jọ ara yín ni ara ògiri yẹn, nítorí pé ẹ kò mọ̀ pé mò ń ya yín.

Ní oṣù tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo. Obìnrin kan wọlé ní Ẹ̀rìn, ó jókòó tì mí, ó kó agbọ̀n òfìfo lé ẹsẹ̀, ó sì ṣí fóònù rẹ̀. Ó ń wá ẹni tó ń ta òróró. Ó ń fi ìka yí ojú ewé náà sókè, ẹ̀yin sì ń kọjá, ẹ ń kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja kan, ẹ̀yin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìbejì kan tó ń ta òróró pupa, ẹ̀yin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù, ẹ̀yin náà ni. Mo ti rí i nígbà púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n n kò rí i rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. N kò mọ̀ pé mo ti na ọrùn.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ ra òróró ni?"

Mo ní, "Rárá mà, ẹ má bínú. Bàbá tó ní fìlà yìí ni mò ń wò. Ta ni?"

Ó wò ó bí ẹni tí kò wò ó rí. "Èyí? Kì í ṣe ẹnì kankan. Ẹ̀rọ ló yà á."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Òṣogbo. Ó sọ òótọ́ tirẹ̀. Kí ni mo fẹ́ kó sọ? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń ṣí áàpù náà láàárọ̀ kí n tó ṣí nǹkan mìíràn, n ó kàn yí i sókè, n ó yí i sísàlẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá rí mi, á rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹjọ́ dé. Obìnrin aláṣọ kan ló mú un wá. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè ọya, kì í sábà wá sílé. Nígbà tó dé, ó rí káàdì ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè ọkùnrin onífìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ obìnrin náà. Ìyàwó ní gbogbo ènìyàn ló ní i. Ọkọ ní òun kò bi í léèrè gbogbo ènìyàn. Kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ọ̀gá wa sọ èyí nípàdé, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a yọ ọkùnrin yẹn kúrò lára orúkọ òun, ó sì jàre. Àwọn mìíràn ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, a kò kà á sí.

Wọ́n pinnu pé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ oníṣòwò ni kí ó máa wà níbẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀gá wa kọjú sí mi. "Ìwọ lo ṣe káàdì yẹn. Ibi kan ṣoṣo náà ni wàá ti yí i, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wò ó, Bàbá. Ká ní mo ti ṣe iṣẹ́ náà bí ọ̀lẹ ṣe ń ṣe é, tí mo ya yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ì bá pẹ́ kí a tó lè yọ yín tán. Mo lè gbàgbé yín ní kọ̀rọ̀ kan. Ẹ lè wà níbẹ̀ títí ayé, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣe é dáadáa. Ìlà kan ni mo máa pa rẹ́, ẹ ó sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí káfíńtà. Irú ilé tí ẹ ní ó ń bà yín lẹ́rù nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ kí ó yé mi?

Mo ti rò ó pé kí n sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Wọ́n á káàánú mi. Wọ́n á ní kí n fi í sílẹ̀, ọkọ obìnrin aláṣọ á sì máa wo oúnjẹ lójú láì jẹ ẹ́ nítorí tèmi. Ẹ kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ máa fẹ́? Ṣé ẹ máa ní kí n yọ ọ́ kíákíá, kí n dìde lọ jẹun? Tàbí inú yín á bàjẹ́ díẹ̀, bí inú ẹni tí wọ́n ní kó dìde lórí àga tó ti mọ́ ọn lára? N kò mọ̀. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ nípa àgádágodo àti nípa ìyẹ̀fun tí kò kúnná. N kò mọ ohun tí ẹ máa sọ nípa èyí.

*

Ibẹ̀ ni mo ti fi pẹ́ńnì sílẹ̀ lánàá. Ilẹ̀ ọjọ́ mìíràn ti mọ́, mo sì ti Ìfọ́n bọ̀.

Mo tètè jí, mo ní kí n lọ kí Màámi kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà. Mo bá wọn lórí ẹní ìrun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Wọn kò gbọ́ ìwọlé mi. Mo rí ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bá wọn forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù náà nítorí ẹ̀gúsí wọn, wọn kò sì fi fọ́tò síbẹ̀ láti ìgbà yẹn, bó ti wù kí n bẹ̀ wọ́n tó. Káàdì tiwọn ni wọ́n ṣí. Wọn kò yí i sókè, wọn kò yí i sísàlẹ̀. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, ẹ̀yin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màámi. Kí lẹ ń wò?"

"Ọjà mi ni." Wọ́n dojú fóònù bolẹ̀ lórí ẹní. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n tún gbé e. "Irọ́ ni. Bàbá yín ni. Àràárọ̀ ni mo máa ń kí wọn."

Bàbá, a ti ń ṣe ohun kan náà láàárọ̀, èmi ní Ìlobù, àwọn ní Ìfọ́n, a kò sì sọ fún ara wa.

N kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, wọ́n ní kí n yọ ọ́."

"Kí o yọ kí ni?"

"Òjìji Bàbá. Lára gbogbo káàdì."

Mo gbọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ń kọjá lára ara wọn. Wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ṣẹ̀?"

Mo ròyìn obìnrin aláṣọ àti ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi oúnjẹ tí kò jẹ, Màámi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Àbúrò wọn yọjú láti yàrá kejì láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Màámi ní, "Ó jàre! Ọkọ yẹn jàre! Èmi gan-an ò ní gbà. Àbí bàbá yín kọ́ ló sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé àwọn ti di ọkọ gbogbo ọjà?" Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó nù ún tán.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí n kò retí. "Ṣé tèmi náà á lọ?"

N kò tíì ronú débẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀, ara mi nìkan ni mo ń rò. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti wá rí i, ohun tí èmi fúnra mi kọ sínú káàdì náà. Mo ní, "Màámi, ẹ gbọ́. Káàdì náà máa ń béèrè ohun kan kọ́kọ́: ǹjẹ́ ẹni yìí ti fi fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀? Tó bá ti fi í sílẹ̀, èyí ni yóò gbé jáde. Ìgbà tí ibẹ̀ bá ṣófo nìkan ló ń fi Bàbá dí i. Àlàfo yẹn ni ohun tí mo fẹ́ yí. Ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi síbẹ̀, n kò lè yọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ àfi onítọ̀hún."

"Tí mo bá fi bàbá yín síbẹ̀ fúnra mi ńkọ́?"

"Wọ́n á wà níbẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ ló gbé wọn síbẹ̀ mọ́ nígbà náà."

"Ẹ̀yin ni, mà."

Wọ́n na fóònù sí mi. Mo fi òjìji náà ránṣẹ́ sí wọn láti orí fóònù mi, mo fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n. Mo fẹ́ bá wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n wo ojú fóònù títí ó fi gbà á.

Wọ́n ní, "Ó tó. Kí wọ́n kúrò nílé onílé, kí wọ́n máa bọ̀ nílé ara wọn."

Mo wọkọ̀ padà sí Ìlobù. Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, mo ṣí iṣẹ́ mi, mo pa ìlà náà rẹ́, mo kọ tuntun dípò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Ọ̀gá wa kọ̀wé padà pé mo ṣeun, ó yára. Mo ṣí áàpù náà bí mo ṣe máa ń ṣí i láàárọ̀. Ẹ ti lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja, A ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin aláṣọ náà, R ni, ọkọ rẹ̀ á sì jẹun ní alẹ́ yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tèmi, tí mo máa ń fi dán iṣẹ́ wò, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ tí ẹ sọ mí ni. Mo lè ṣe bíi ti Màámi, kí n fi yín sí tèmi náà. Mo gbé ìka lé e, mo sì gbé e kúrò. Mo rò pé ilé kan ni ènìyàn ń ní.

Mo yí i sókè títí mo fi dé Ìfọ́n, títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀gúsí. Ẹ wà níbẹ̀, láàárín gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ ní fìlà. Ó tẹ̀ sí òsì. Imú yín kúrú bí ẹ ṣe ní kí n gé e.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ilẹ̀kùn Gáná dún. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni. Mo dìde lọ wò ó, mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu, mo sì padà wá jókòó.

Ẹ sùn re, Bàbá. Èmi ni o,
ọmọbìnrin yín tó ṣẹ́kù sílé, tí ẹ máa ń pè ní Ìyá mi.